Ẹnu Ẹlòmíràn Lójú Lozan

"Ẹni tó bá ti ní ojú rí láyé, ojú rẹ̀ ò lè sọnù lọ́wọ́ mi."

Bí Strahil ṣe máa ń wí nìyẹn nílé kọfí tó wà létí odò Dunav, nílùú Lom, pẹ̀lú ife ọtí rakíyà kékeré lọ́wọ́. Kì í pariwo bó bá ń fọ́nnu. Ńṣe ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kójò rọ̀ lọ́la.

"Ẹ mú fọ́tò tó kéré bí iná orí wá. Ẹ mú èyí tí eku ti jẹ wá. Bí ìyàwó yín bá ti fi abẹ gé ojú yín kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ ṣáà mú ìyókù wá. Màá fi ojú tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀."

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn a sì máa dùn mọ́ ọn, nítorí àna ìlú ni, kì í ṣe ọmọ ìlú. Plovdiv ló ti wá. Ìyàwó rẹ̀, Bilyana, ni ọmọ bíbí Lom.

Òkú ló ń bọ́ ọ. Bí èèyàn bá kú ní Lom, wọn a tẹ ojú rẹ̀ sórí ìwé ìkéde, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, mọ́ òpó iná, mọ́ ibùdókọ̀. Bó bá pé ogójì ọjọ́, wọn a tún lẹ òmíràn. Bó bá pọ́dún, òmíràn. Wọn a sì yan ojú náà sórí tánganran, wọn a kàn án mọ́ òkúta sàréè. Òkú tí kò ní fọ́tò tó dáa nílùú yẹn, ó dà bí ẹni tí wọ́n sin láìwẹ̀.

Fọ́tò tó dáa kì í sì í pọ̀. Kíkéré ni wọ́n máa ń mú wá, èyí tó ti ṣú, èyí tí ojú tó wà nínú rẹ̀ ti di tóótòòtó bí iyanrìn. Strahil á jù ú sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sọ kékeré di ńlá, ìyá òkú á sunkún, gbogbo wọn á gbàdúrà fún un.

Ohun tí kì í sọ nílé kọfí ni pé kọ̀ǹpútà náà kò ríran ju èèyàn lọ. Ó kàn ń rò ó ni. Ó ti wo ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ̀ rí, nítorí náà, níbi tí fọ́tò bá ṣófo, ohun tó bá rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló máa ń fi síbẹ̀. Bí ojú bá ṣe kéré tó ni ìrònú á ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Nígbà tí igi ṣẹ́rì ń yọ òdòdó, ìyá àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tinka lorúkọ rẹ̀, opó ni, gbogbo ìlú ló ń pè é ní Màmá Tinka. Ó di nǹkan kan sínú aṣọ ìnujú bí ẹni di ẹyin.

"Strahil, ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń jí òkú dìde."

"Àwọn tó bá ní sùúrù nínú wọn nìkan ni, Màmá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tú aṣọ. Fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tòmátò ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn tò síwájú géètì, ẹni tó yà wọ́n sì dúró sódì kejì títì. Ẹnìkan ti fi fóònù ya fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ìyẹn náà fi ránṣẹ́, kí ẹnìkan tó wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Màmá Tinka fi ìka kan ìlà ẹ̀yìn.

"Lozan mi nìyí."

Strahil tẹ̀ síwájú. Ojú náà kò ju èékánná ọmọdé lọ. Dúdú méjì ni ẹyinjú. Òjìji kan ni imú. Níbi tó yẹ kí ẹnu wà, funfun lásán ni. Oòrùn ni o, ẹ̀rín ni o, ẹnikẹ́ni ò lè sọ.

"Ṣé kò sí òmíràn, Màmá?"

"Nígbà tí odò gbé e lọ, bàbá rẹ̀ kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ sínú iná. Ó ní òun ò lè máa wo ẹni tí òun ò lè pè kó dáhùn. Pancho ò burú o. Ìrora ló ṣe é, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ó nu fọ́tò náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku lára rẹ̀. "Ọdún yìí ló pé ọgbọ̀n ọdún. Mo fẹ́ kí ìlú rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá a. Mo fẹ́ ojú rẹ̀ lórí ìwé, mo sì fẹ́ ẹ lára òkúta. Ṣé ó ṣeé ṣe?"

Kò ṣeé ṣe. Gbólóhùn kékeré ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ọ́ rí, kò sì pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìfọ́nnu Strahil ti dé etí ìyá náà ṣáájú òun fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Kọ̀ǹpútà rò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fún Lozan ní eyín ẹṣin. Strahil ní kó tún un rò. Ó fún un ní ètè ìyàwó tuntun. Ó ní kó tún un rò sí i. Ẹnu méjì ló gbé wá, ọ̀kan lórí èkejì, bíi pé ẹnu kan ò tó láti ròyìn ohun tójú rí nínú odò.

Ẹyinjú dáa. Imú dáa. Etí dáa. Ojú arẹwà ọkùnrin ni, ojú ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bí. Ẹnu nìkan ló kù.

Fọ́tò ìgbéyàwó Kamen sì wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Kamen ni ọmọ olóògbé Dimo oníbúrẹ́dì, òun ló sì ń yan búrẹ́dì nílùú báyìí. Strahil ti bá a tún fọ́tò náà ṣe kó tó di Ọdún Àjíǹde. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ ni Kamen, ẹgbẹ́ Lozan, ó yí orí síbi tí Lozan yí i sí gan-an, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Strahil ní kóun kàn wò ó. Lẹ́yìn náà, ó ní kóun kàn wọ̀n ọ́n wò. Bí olè jíjà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wọn kì í jí i, wọ́n kàn ń wọ̀n ọ́n wò ni. Nígbà tó gé ẹnu náà tó gbé e lé ojú Lozan, ó bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò rẹ̀ mu. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá Tinka wo àwòrán náà títí. Strahil rò pé aṣírí ti tú.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ìyá náà wí.

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyí. Apá kan ètè rẹ̀ ń lọ sókè." Ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. "Àbí mo ti gbàgbé ni? Ó jọ pé mo ti gbàgbé. Arúgbó ti ń dé sí mi. Fọ́tò ò lè gbàgbé, àbí?"

"Fọ́tò kì í gbàgbé, Màmá."

Ìyá náà gbé àwòrán náà sókè, ó fẹnu ko Lozan lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ yẹn ojú Lozan bo gbogbo ìlú. Ó wà ní ibùdókọ̀, ó wà lára òpó iná, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Strahil fúnra rẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá. Agbẹ́kùúta gbẹ́ ojú ihò róbótó sára òkúta sàréè, ó kan tánganran náà síbẹ̀.

Bilyana ti lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Vidin. Ọjọ́ tó dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi dúró síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ta nìyí?"

"Lozan, ọmọ Màmá Tinka. Wo iṣẹ́! Ojú tí kò ju èékánná lọ ni mo..."

"Ọmọdé ni mí nígbà tó kú, n ò rántí ojú rẹ̀. Strahil, ẹnu ta ni èyí?"

"Ẹnu rẹ̀ ni."

"Ọkọ mi, ẹnu ta ni?"

Strahil yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo yá ti Kamen díẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe Kamen, ó ṣì ní tirẹ̀."

Bilyana fi báàgì sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí.

"O kú iṣẹ́. Ẹnu ilé Dimo nìyẹn! Dimo ló ni ín, ó fún Kamen, Kamen fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ajá ìlú yìí gan-an mọ ẹnu yẹn. Ṣé o mọ ibi tí Màmá Tinka ti ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge? Ilé búrẹ́dì Dimo ni. Àwọn èèyàn sọ̀sọkúsọ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà wá kú. Ìwọ lo wá jí i dìde yìí."

Strahil gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

"Lọ sọ fún wọn," Bilyana wí.

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé o parọ́."

"Ìyá yẹn ti fẹnu kò ó lẹ́nu, Bilyana. Ṣé kí n lọ bá wọn pé Kamen oníbúrẹ́dì ni wọ́n fẹnu kò?"

Bó ṣe sọ ọ́ dùn mọ́ ọn létí. Ó jọ àánú. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣọ́ra fún irọ́ tó bá wọ ẹ̀wù àánú. Kì í bọ́ ọ, bó bá lọ sùn pàápàá.

Lọ́jọ́ kejì ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ nílé kọfí. Ọ̀kan wí pé, "Ọgbọ̀n ọdún nínú ilẹ̀, ọmọ wá rẹ́rìn-ín bàbá rẹ̀." Èkejì dáhùn pé, "Búrẹ́dì tí wọ́n yan lókùnkùn ni. Ìsinsìnyí ló ń jáde." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Strahil náà dá sí i, ṣé òun kúkú lọ̀gá ojú. Strahil mu rakíyà rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní òun fi iná sílẹ̀ nílé.

Kamen náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀.

"Strahil, wo ẹnu mi."

"Mo ń wò ó. Ó ń sọ̀rọ̀."

"Má bá mi ṣàwàdà. Ìyá mi ti yọ fọ́tò bàbá mi kúrò lára ògiri. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú àpótí. Ọkùnrin tó ti kú tipẹ́, lọ́sẹ̀ yìí ló di panṣágà." Kamen fọwọ́ lé tábìlì. "Ìwọ lo ṣe fọ́tò Lozan. Ìwọ lo ṣe tèmi náà. Bí o bá mọ nǹkan kan, ọ̀rẹ́ mi, sọ ọ́."

Ilẹ̀kùn àtisọ òótọ́ ṣí sílẹ̀ báyìí. Ká ní ó sọ ọ́ níbẹ̀ ni, láàárín ọkùnrin méjì ni ìbá mọ.

"Kamen, ẹnu ọmọ aráyé jọra. Kọ̀ǹpútà ló ṣe é."

Kamen wò ó bí ẹni ń wo ìyẹ̀fun pípò tí kò wú. Ó jáde.

Strahil wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún òjò. Nítorí èèyàn kì í ya ìwé òkú. Ẹni bá lẹ̀ ẹ́ ti lẹ̀ ẹ́. Oòrùn àti òjò ló ni àṣẹ àtimú un kúrò. Àmọ́ òjò kọ̀, kò rọ̀. Bó bá ń lọ ra wàrà, Lozan ń rẹ́rìn-ín sí i lára òpó. Bó bá dúró de ọkọ̀, Lozan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀, ó ti fi èékánná gbé igun ìwé náà sókè nígbà tí bàbá arúgbó kan ké sí i láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ọ̀gá! Kí ni òkú fi ṣe ọ́?"

"Mò ń tọ́ ọ ni, Bàbá. Ó wọ́."

"Ìwọ lo wọ́. Fi í sílẹ̀."

Èyí tó bà á lẹ́rù jù wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé fọ́tò olùkọ́ obìnrin kan tó kú sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ojú rẹ̀ máa jáde, apá kan ètè rẹ̀ lọ sókè. Ó pa á rẹ́, ó mú fọ́tò ọlọ́pàá kan. Apá kan ètè tún lọ sókè. Ó pe Bilyana. Bilyana wo méjèèjì.

"N ò rí nǹkan kan, ọkọ mi. Ẹnu lásán ni."

Àkókò ṣẹ́rì dé, Sátidé Òkú sì dé pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo ìlú máa ń gbé àlìkámà sísè àti wáìnì lọ sí itẹ́ òkú. Ẹni tó bá wá, wọn a bu àlìkámà fún un, òun náà á dáhùn pé "Ọlọ́run dárí jì í". Bilyana mú Strahil dání, wọ́n jọ lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀.

Sàréè Lozan kò jìnnà síbẹ̀. Tánganran náà ń dán nínú oòrùn. Màmá Tinka dúró tì í pẹ̀lú àwo àlìkámà àti ṣẹ́rì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó yà síbẹ̀. Nígbà tí Stoyna, ìyá Kamen, ń kọjá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Màmá Tinka bu àlìkámà, ó nà án sí i.

"Stoyna, nítorí Lozan."

Stoyna ò gbà á. "Nítorí Lozan ta ni? Lozan Pancho ni àbí Lozan Dimo?"

Àwọn tó wà láwọn sàréè tó yí wọn ká kọjú sí wọn.

"Stoyna, kí lo ń sọ?"

"Ìwọ ni kó o sọ ọ́! Ojú ọmọ rẹ ti sọ tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lo fi ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, tó ò ń wí pé 'ẹ kú àárọ̀'!"

Àlìkámà dà sílẹ̀ lọ́wọ́ Màmá Tinka. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wò yíká, ó rí Strahil, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú ẹni tó rí ẹlẹ́rìí rẹ̀.

"Strahil ọmọ mi, wá. Ìwọ lo tún fọ́tò yìí ṣe, o ò fi tẹnikẹ́ni kún un. Sọ fún wọn pé ojú ọmọ mi ni, bí Ọlọ́run ṣe fún un. Sọ fún wọn kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Gbogbo itẹ́ ń wò ó. Bilyana jáwọ́ lára apá rẹ̀.

"Ẹnu Kamen ni," Strahil wí.

"Sọ ọ́ sókè," Kamen wí.

"Ẹnu Kamen ni mo gé, láti inú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Fọ́tò tí Màmá mú wá ò lẹ́nu. Màmá ò ṣe nǹkan kan. Dimo ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè gbé ẹ̀rín náà mì. Stoyna fi ọwọ́ bo ojú. Kamen di ìyá rẹ̀ mú, ó sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ tutọ́, àmọ́ ó rántí ibi tó wà.

Màmá Tinka nìkan ni kò mira. Strahil ti dá a láre lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó gbọ́ ìyẹn.

"Ẹnu nìkan ni?" ó bi í. "Ẹyinjú ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ló rò ó, Màmá."

"Imú rẹ̀?"

"Òun náà ni."

"Etí?"

Strahil mi orí.

"Kí ló jẹ́ ti ọmọ mi níbẹ̀?"

Strahil wo tánganran náà, ó wá a kiri bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú koríko.

"Ẹ̀wù, Màmá. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ajé ni agbẹ́kùúta yọ tánganran náà. Ihò róbótó ló kù lára òkúta. Stoyna gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ sílé Màmá Tinka, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jọ sunkún. Àwọn èèyàn kò bá Strahil jà. Wọ́n kàn ń gbé fọ́tò òkú wọn lọ sí Montana, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀, láti tẹ ìwé ni. Nílé kọfí, bó bá wọlé, ẹnìkan á fọwọ́ bo ẹnu, á ní, "Ẹ ṣọ́ tiyín o!"

Èyí ò dùn ún tó ohun tí Màmá Tinka wá sọ fún un. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"N ò wá bú ọ. Kí lo máa fi èébú ṣe? Ọgbọ̀n ọdún, bí mo bá pa ojú dé, Lozan á wá. Kì í mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ òun ni. Ní báyìí, bí mo bá pa ojú dé, tìrẹ ló ń wá. Ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn. Mo ní kó lọ, kì í lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi ò lè ráyè kọjá wọlé."

Ọwọ́ Strahil lọ sídìí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ìyá náà wí. "Má yà á. Má tún nǹkan kan ṣe. Màá máa sọ bó ṣe rí, ìwọ á máa gbọ́. Bóyá bí mo bá ń sọ ọ́ sétí ẹni tó mú un lọ, yóò padà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wá, Strahil á pa kọ̀ǹpútà, á fà á kúrò lára iná, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún. Ìyá náà á di ojú, á bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Irun rẹ̀ le. Ó ní yíyí méjì ní àtàrí, òòyà kì í bá a jà kó borí. Ojú àpá kan wà lókè ìpéǹpéjú, ewúrẹ́ ìyá mi ló kàn án. Etí rẹ̀ yọ síta, bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, etí náà á pọ́n. Imú rẹ̀, ti Pancho ni, ó tẹ̀ díẹ̀ síbi tí egungun wà." Ó ń sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń sáré gun àtẹ̀gùn kí ẹ̀rù tó bà á. "Àgbọ̀n rẹ̀ ṣe gbọọrọ. Ẹnu rẹ̀..."

Strahil dúró dè é. Ìyá náà fún ojú rẹ̀ pọ̀ sí i, ètè rẹ̀ ń mira, kò sí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Oníbàárà ni, ó fi àpò ìwé kékeré kan hàn láti ojú gíláàsì, irú èyí tí wọ́n máa ń kó fọ́tò òkú sí. Ó tún kan ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ béèrè bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀.

"Ẹnu rẹ̀..." Màmá Tinka tún wí.

Strahil ò dìde.